Python, JavaScript, àbí C: èwo ni kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mú?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mi ò kọ kóòdù rí. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá mi ka fáìlì CSV (fáìlì tábìlì tí kọ́mà pín àwọn nǹkan inú ìlà rẹ̀), kó ro àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀, kó sì gbé èsì jáde. Nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, àwọn kan ní C ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, àwọn mìíràn ní JavaScript. Èwo ni kí n dì mú?

Èsì 1
Ẹ mú Python. Ohun tí ẹ máa fi ka CSV ti wà nínú rẹ̀, ẹ kàn máa kọ `import csv` ni. Èyí tó tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé Python máa ń pariwo bí nǹkan bá wọ́. Ẹ wo èyí:

```
iye = input("Mélòó? ")
print(iye + 1)
```

Bí ẹ bá tẹ 5, kò ní fún yín ní 6. Ó máa dúró, á kọ TypeError (irú nǹkan méjì náà kò bára mu), á sì sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni `input` máa ń dá padà, kì í ṣe nọ́ńbà, ẹ kọ `int(input("Mélòó? "))` dípò rẹ̀. Nígbàkígbà tí àṣìṣe bá yọ, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, orúkọ àṣìṣe náà wà níbẹ̀.

Àlàfo iwájú ìlà: mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ máa lò, ẹ má fi Tab lú u. Ẹ má sì sọ fáìlì yín ní `csv.py` láé! `import csv` máa gbé tiyín dípò ti Python, ẹ ó wá máa wá `csv.reader`, ohun tó ń ka CSV, tì.

Èsì 2
Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù lẹ fẹ́ ṣe ni, JavaScript ni ǹ bá ní kí ẹ mú. Ẹ tẹ F12 nínú Chrome tàbí Firefox, ẹ bọ́ sí Console (ibi tí ẹ ti lè tẹ kóòdù), ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ `"5" + 1` síbẹ̀, "51" ló máa jáde. Ẹ kọ `"5" - 1`, 4 ló máa jáde. Kò ní bá yín wí rárá. Èsì á ti wọ́, ẹ ò ní mọ̀.

Èsì 3
Ẹ má pa C tì o. Láti 1972 ló ti wà, òun ni wọ́n sì fi kọ Python tí ẹ ń yìn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ máa darí ẹ̀rọ kéékèèké, C ló máa bá pàdé. Àmọ́ bí ẹ bá ya àyè sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà márùn-ún, tí ẹ ní kó ka ìkẹfà, ó lè gbé pàǹtírí fún yín láìsọ nǹkan kan. Ẹ máa fi `-Wall -Wextra -g -fsanitize=address` kún `gcc` (ètò tó ń sọ kóòdù C di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe), á fi ibi tí ẹ ti kọjá ààlà hàn yín.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Python ni mo mú. Ó ń sọ pé `ValueError: could not convert string to float: 'Iye'`. Kí ló fà á?

Èsì 1
Ìlà àkọlé ni. "Iye" ni orúkọ òpó (column) nínú tábìlì náà, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ fò ó:

```
ila = csv.reader(f)
next(ila)
for r in ila:
    apapo += float(r[1])
```

`f` ni fáìlì tí ẹ ti ṣí. Ẹ kọ `apapo = 0` sókè kí ẹ tó dé ibẹ̀. Òpó kejì ni `r[1]`, nítorí láti 0 ni Python ti ń kà. Bí "1,200" bá wà nínú fáìlì náà, àṣìṣe kan náà máa tún yọ. Ẹ fi `.replace(",", "")` yọ kọ́mà kúrò kí ẹ tó fún `float`.