Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹni tó ń wá ọbẹ̀ lórí wẹ́búsáìtì mi, ọ̀bẹ ló ń rí

Alásè Bódìjà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ní wẹ́búsáìtì kékeré kan tí mo máa ń kọ bí a ṣe ń se oúnjẹ ilé wa sí, ní Yorùbá pọ́ńbélé, tòun tàmì. Bí eré ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí oúnjẹ 312 ló wà níbẹ̀, ojú ewé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí dátábéèsì kankan nídìí rẹ̀, fáìlì HTML lásán ni. Àbúrò mi ló gbé e sórí GitHub Pages, ibi tí èèyàn lè gbé wẹ́búsáìtì sí, fún mi kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Àwọn tó ń kà á ló ń ké pé àwọn kì í tètè rí nǹkan. Obìnrin kan ní Peckham, ní London, kọ̀wé sí mi lóru pé òun dúró ti iná, ẹ̀wà ti rọ̀, òun wá ń fi àtàǹpàkò fa fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ń wá ibi tí mo kọ gbẹ̀gìrì sí. Ojú tì mí.

Mo wá ní kí ọmọkùnrin kan bá mi fi àpótí ìwárí sí i. Ó gba 60,000 náírà. Àpótí wà lóòótọ́, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ "efo" láìfi àmì sí i, ó ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ ló kún inú ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo pè é, ó tún un ṣe. Ní báyìí "efo" ti ń rí ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ "obe", ńṣe ló ń da gbogbo oúnjẹ sílẹ̀, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí n kò ti kọ ọ́ pé "ẹ fi ọ̀bẹ gé àlùbọ́sà". Ẹni tó ń wá ọbẹ̀, dòdò ló kọ́kọ́ ń rí. Dòdò!

Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò gbé e mọ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má ṣàì mọ̀ pé èmi kì í ṣe oníkóòdù o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá là á yé mi, mo lè ṣe é.

Ọmọ Òṣogbo

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Ẹ jẹ́ kí Google bá yín wá a. Fọ́ọ̀mù kékeré kan ni ẹ máa fi síbẹ̀ tó máa gbé ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Google, tó sì máa sọ fún un pé orí wẹ́búsáìtì yín nìkan ni kó ti wá a. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní Programmable Search Engine, ìyẹn máa ń fi èsì hàn lójú ewé tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ rẹ̀ máa ń gbé ìpolówó wá.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀: oúnjẹ tí ẹ bá kọ lónìí, kò ní í rí i títí Google yóò fi yà sọ́dọ̀ yín.

Alásè Bódìjà

O ṣé, àbúrò mi. Ìpolówó yẹn ni n kò fẹ́. Kí èèyàn wọ ilé ìdáná mi tán, kí wọ́n wá máa fi ọbẹ̀ inú agolo lọ̀ ọ́? Rárá o.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o: ṣé dandan ni àpótí yìí? Oúnjẹ 312 kò pọ̀. Ẹ to orúkọ gbogbo wọn sójú ewé kan ṣoṣo, ọbẹ̀ lọ́tọ̀, òkèlè lọ́tọ̀, ìpanu lọ́tọ̀, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ líǹkì. Ẹni tó bá ń wá gbẹ̀gìrì á lọ síbi ọbẹ̀, ó parí. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, àwọn àpẹẹrẹ aṣọ tí mò ń rán ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ fún mi pé òun sọnù.

Àpótí ìwárí tí kò mọ ohun tó ń wá burú ju kó má sí lọ. Ẹni tó bá wá nǹkan tí kò rí i á gbà pé ẹ ò ní in, kò ní padà wá.

Akọ̀wé Kóòdù

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ nípa ojú ewé orúkọ. Ẹ ṣe ìyẹn ná, tí ẹ bá tiẹ̀ máa ṣe àpótí. Ṣùgbọ́n kò ní ran ẹni tó ní ilá àti panla nílé lọ́wọ́, tó fẹ́ mọ ohun tí òun lè fi wọ́n sè. Ìyẹn ni àpótí wà fún.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tó bá yín ṣe é ò burú, ó kàn tètè dúró ni. Lójú kọ̀ǹpútà, e àti ẹ̀ kì í ṣe ìbátan rárá, wọ́n jìnnà síra bí e ṣe jìnnà sí k. Ìdí nìyẹn tí "efo" kò fi rí ẹ̀fọ́. Nígbà tí ẹ pariwo, ó bọ́ gbogbo àmì kúrò lára gbogbo ọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ di "obe", ọ̀bẹ náà di "obe", ó sì fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn.

Bíbọ́ ọ kò burú. Ìlà tó ń bọ́ ọ nìyí:

`const bo = s => s.normalize("NFD").replace(/[\u0300-\u036f]/g, "").toLowerCase();`

NFD yẹn máa ń tú lẹ́tà palẹ̀: ẹ̀ á di e, àmì abẹ́ àti àmì orí, mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e á gbọn àwọn àmì náà dànù. Ọ̀rọ̀ inú oúnjẹ yín gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ohun tí òǹkàwé tẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ìgbà náà ni wọ́n á tó lè pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ gidi tòun tàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhòòhò rẹ̀. Èyí tó wọṣọ ni kẹ́ ẹ fi han èèyàn.

Níbi títò èsì ni iṣẹ́ wà. Tí ẹni tó ń wá bá tẹ àmì pé pérépéré, tó sì bá ọ̀rọ̀ inú oúnjẹ mu, ẹ fún oúnjẹ náà ní 3. Tí ó bá jẹ́ àmì abẹ́ nìkan ló bá a mu, 2. Tí ó bá jẹ́ ìhòòhò nìkan, 1. Èyí tó bá gbà jù ni kó wà lókè. Báyìí, ẹni tó tẹ "ẹ̀kọ" á rí ẹ̀kọ kó tó rí ohunkóhun tí ẹ kọ nípa Èkó. Ẹni tó tẹ "eko" á rí méjèèjì, ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ o, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní í tẹ àmì. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó wá inú ọ̀nà ìsè. Orúkọ oúnjẹ àti àwọn èròjà nìkan ni kó máa wò, kí orúkọ sì wúwo ju èròjà lọ. Ọ̀bẹ á sá lọ fúnra rẹ̀. Ta ló ń wá ọ̀bẹ lórí wẹ́búsáìtì ọbẹ̀?

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì JSON kan, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kóòdù lè kà. Ká ní oúnjẹ kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí lẹ́tà 300, kò tó 100,000 lápapọ̀. Lẹ́tà wa máa ń gbàyè lóòótọ́ (e gba báìtì 1, ẹ̀ gba 5), síbẹ̀ fáìlì náà kò lè ju fọ́tò kan lọ nínú àwọn fọ́tò ọbẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kó wọlé àyàfi tí èèyàn bá fọwọ́ kan àpótí, kí ẹni tí kò wá nǹkan má baà ná dátà lé e lórí. Tó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé lọ́jọ́ kan, ẹ lọ wo Pagefind, irinṣẹ́ ìwárí kan, ó máa ń gé àkójọ náà wẹ́wẹ́, èyí tí ìwárí bá nílò nìkan ló ń gbé wá. Fún 312, ẹ má lọ fi ọkọ̀ àjàgbé gbé ẹ̀kọ kan.

Alásè Bódìjà

Àbúrò, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Mo ṣe é lálẹ́ àná, mo sì jókòó tì í di aago kan. "Obe" ti ń gbé ọbẹ̀ wá!

Ṣùgbọ́n irú ń dà mí láàmú. Mo tẹ "irú" tòun tàmì, mo retí àwọn ọbẹ̀ tí irú wà nínú wọn, ó gbé ẹja díndín wá, n kì í sì í fi irú sí ẹja díndín. Mo lọ wò ó. Mo kọ ọ́ sí èròjà pé "irú ẹja tó bá wù yín".

Akọ̀wé Kóòdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín pa mí. Àmì kò lè gbà yín níbẹ̀, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ẹ kọ "ẹja èyíkéyìí".

Onítẹ̀wé

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ó ti fìyà jẹ mí rí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, oríṣiríṣi èèyàn ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ tí ẹ̀ ń wò yẹn, ó lè jẹ́ ẹ odindi tí wọ́n fi àmì orí lé. Ó lè jẹ́ e lásán tí wọ́n fi àmì abẹ́ sí, kí wọ́n tó wá fi àmì orí lé e. Ó lè jẹ́ è odindi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí èèyàn fi tẹ̀ ẹ́ ló máa ń pinnu èyí tó máa jáde.

Ìyẹn ni pé òǹkàwé yín lè tẹ "ẹ̀fọ́" pé pérépéré, kó má sì gba 3 tí Akọ̀wé sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀, tiyín àti tòǹkàwé, ni kí ẹ fi normalize inú ìlà Akọ̀wé yẹn tọ́ sọ́nà kó tó di pé ẹ ń fi wọ́n wéra, àní níbi tí ẹ ò ti bọ́ àmì.

Èyí tí normalize kò lè ṣe ni ti àwọn tó ń fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò kíkán tóńtó. Àmì mìíràn pátápátá nìyẹn, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀: U+0329 ni ìlà, U+0323 ni tóńtó. Lẹ́yìn NFD ni kí ẹ pààrọ̀ ìlà sí tóńtó.

Alásè Bódìjà

Háà. Ìyẹn ni ó fà á! Àwọn oúnjẹ tí mo kọ lórí fóònù àtijọ́ ló ń ṣe bákan. Mo rò pé ojú ni kò ríran dáadáa mọ́.

Ará Peckham

Mà, èmi ni mo kọ̀wé sí yín lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, gbẹ̀gìrì náà dùn.

Nǹkan méjì péré. Fóònù mi máa ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe tipátipá. Mo tẹ "ewedu", ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kí n tó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ bá wa pa ìyẹn nínú àpótí.

Èkejì: àwọn ọmọ mi mọ okra, wọn ò mọ ilá. Ìyá ọkọ mi sì ń pe mọ́ínmọ́ín ní ọ̀ọ̀lẹ̀, ilé kan náà la jọ ń gbé.

Akọ̀wé Kóòdù

Ti fóònù, ẹ fi `autocorrect="off"`, `autocapitalize="off"` àti `spellcheck="false"` sára àpótí náà.

Ti orúkọ, ẹ ṣe fáìlì kékeré mìíràn tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín kọ: okra jẹ́ ilá, ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ́ mọ́ínmọ́ín, ọ̀gbọ̀nọ̀ jẹ́ àpọ̀n, àkàmù jẹ́ ògì, ooyọ́ jẹ́ ewédú. Kò sí ẹ̀rọ tó máa bá yín kọ ìyẹn bí ẹni tó ń lọ ọjà. Nígbà tí ẹnì kan bá wá nǹkan tí kò rí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan pamọ́, ẹ má fi orúkọ tàbí ibi tó wà kún un, kí ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí orúkọ tó ṣẹ́kù. Nítorí pé fáìlì lásán ni wẹ́búsáìtì yín, ẹ máa nílò fọ́ọ̀mù kan níta tó máa gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ kọ "A ò rí báyìí-báyìí" sójú ewé, textContent ni kí ẹ lò, ìyẹn tó ń gbé e jáde bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ má lo innerHTML, èyí tó ń kà á bíi kóòdù, kí ọmọkọ́mọ má baà ti kóòdù gba inú àpótí wọlé.

Ìyá Ìbejì

Níbi "A ò rí" yẹn náà ni kí ẹ gbé líǹkì ojú ewé orúkọ tí mo sọ sí o. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn kan ògiri.

Alásè Bódìjà

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan lónìí tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì, mo ṣe ojú ewé orúkọ náà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn kan ò tiẹ̀ dé ìdí àpótí mọ́.

Mo ṣí àkójọ ohun tí wọ́n wá tí wọn ò rí láàárọ̀ yìí. Ẹnì kan tẹ "ọkọ mi kì í jẹ ata". Ẹnì kan tẹ "elo ni" nìkan. Ṣùgbọ́n ìṣápá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, "isapa", "ishapa", "ìṣápá", oríṣiríṣi. Mo ní kò lè jẹ́, mo lọ wo fáìlì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lóòótọ́ n kò kọ ọ́ rí. Oúnjẹ 312, ìṣápá kò sí níbẹ̀! Mò ń lọ ọjà lọ́la.