Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ojúlùmọ̀ ṣe ń di ọ̀rẹ́ ní Japan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sendai:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ MEXT ti ìjọba Japan ló gbé mi dé Sendai. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa àlejò níbí ń gbìyànjú gan-an: lónìí wọ́n á kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń po tíì matcha, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á wọ̀ wá ní kimono. A ó ya fọ́tò, inú wa á dùn, oníkálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyá kan tí a jọ jókòó níbi matcha ní kí n wá kí òun nílé lọ́jọ́ kan. Títí di òní, n kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti wá rí ìdílé kan tí n ó lọ bá gbé ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ kí ìdílé yìí di èèyàn mi tòótọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Yokohama:
Ọmọ mi, má ka ọ̀rọ̀ ìyá yẹn sí irọ́. Bí o bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ nílé wa, tó ní "wá jẹun", ṣebí "á gba ibi ire" lo máa fi dáhùn, o ò ní fa àga. Bí "lọ́jọ́ kan" tiwọn náà ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́ ni ìpè dé. Ìwọ náà lè kọ́kọ́ dá ọjọ́.

Tí o bá dé ilé ìdílé yìí, bọ́ bàtà rẹ ní genkan, ìyẹn àbáwọlé ilé, kí o kọ imú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Sílípáàsì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni kó mọ. Ti ìwẹ̀ ló ń dààmú ọ̀pọ̀ àlejò: ìta ni wàá ti fi ọṣẹ wẹ̀ tónítóní kí o tó wọnú ofuro, ìyẹn agbada ìwẹ̀ wọn, nítorí omi kan náà ni gbogbo ilé máa wọ̀. Má fà á dànù o!

Olùkọ́ JET:
Ẹ má bínú mà, mi ò rò pé ìyẹn nìkan ló máa dá ọ̀rẹ́ sílẹ̀. London ni wọ́n bí mi sí. Ètò JET, tí Japan bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ló mú mi wá ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú kékeré kan. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá pàdé níbi ayẹyẹ ìkínikáàbọ̀, n kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ onílù taiko àdúgbò ni mo ti rí èèyàn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń pàdé, à ń gbé ìlù, à ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn, à ń jẹun pọ̀. Àwọn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ní Sendai tí o wà, wá ẹgbẹ́ oníjó suzume-odori kan. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń jó níbi ọdún Aoba, ṣùgbọ́n ìfidánrawò tó ṣáájú rẹ̀ ni kí o dara pọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Tokyo:
Àbúrò, pàṣípààrọ̀ àṣà ni wọ́n pè é, ìwọ náà gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá. Tọrọ ilé ìdáná lọ́wọ́ wọn, kí o dín àkàrà fún wọn.

Bí o bá padà, fi ọwọ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ hiragana, ìkọ̀wé wọn tó rọrùn, nìkan lo mọ̀. Bí ẹ bá tún pàdé, tún dúpẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọdún bá ń parí, fi nengajo, káàdì ọdún tuntun wọn, ránṣẹ́: èyí tí o bá fi sí pósítì láàárín ọjọ́ 15 sí 25 oṣù Disẹ́ńbà, ọjọ́ kìíní ọdún ló ń dé ọwọ́ wọn. Àmọ́ bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n lọ́dún náà, wọ́n sábà máa ń kọ̀wé sọ ọ́ ṣáájú. Má fi káàdì ránṣẹ́ nígbà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sendai:
Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ̀wé sí ìyá yẹn, mo dá Sátidé. Ó ku ẹ̀bùn ìdílé: ṣé mo lè mú àdìrẹ dání?

Ìyá Ìbejì, Yokohama:
Mú un lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbé e fún wọn. Bí wọn ò bá tú u lójú rẹ, ọ̀wọ̀ ni. Tí o bá sì fẹ́ gé e sí kéékèèké, kó má jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n máa ń sá fún mẹ́rin níbi ẹ̀bùn.