"Policy" kì í ṣe òfin, "partisan" kì í sì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ràn èdè wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe máa tú àwọn ọ̀rọ̀ òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá sílẹ̀ ní kí a máa pe "partisan politics" ní òṣèlú ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, kí a sì máa pe "policy" ní òfin ìjọba. Mo kí i fún akitiyan rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìkejì ló dùn mí jù, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin ni ohun tí ilé aṣòfin ṣe, tí ẹni tó bá rú u yóò fojú ba ilé ẹjọ́. "Policy" kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba Goodluck Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan fò sókè láti ₦65. Àwọn aṣòfin kò jókòó lọ́jọ́ náà, ọjọ́ ọdún ni. Ìkéde lásán ni a gbọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí èrò sì tú sí ìgboro, ìjọba tún kéde ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà pé òun dín in kù sí ₦97. Owó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sí òfin kankan tó yí padà láàárín méjèèjì. Kí la wá fẹ́ pè ní òfin níbẹ̀?

Ìlànà ni mo dúró lé fún "policy". Ẹ tú u palẹ̀, ẹ ó rí "là" àti "ọ̀nà" nínú rẹ̀. Ẹni tó ń la ọ̀nà mọ ibi tó ń lọ, ó sì mọ̀ pé àwọn ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn òun. A lè bi í pé oko ta ni ọ̀nà yìí gbà kọjá, ibo ló já sí, kí ló dé tí kò gba ẹ̀yìn odò. A lè bẹ̀ ẹ́ pé kó yà á sọ́tùn-ún díẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ ìlú máa bi ìjọba ló ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ó sì máa ń jọ mí lójú púpọ̀.

Àwọn kan yóò ní ètò ńkọ́? Ètò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò ni bí a ṣe fẹ́ rin ìlànà náà. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Action Group ti Awólọ́wọ̀, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ọmọ gbogbo wọ ilé-ìwé láìsan owó. Ètò rẹ̀ ni yàrá ìkàwé tí wọ́n kọ́, olùkọ́ tí wọ́n yára dá lẹ́kọ̀ọ́, àti owó orí tí wọ́n bù lé ti tẹ́lẹ̀. Owó orí yẹn bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, kí ilé-ìwé tó ṣí rárá, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí wọ́n ń pè ní Alákùkọ ló kó ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn tó dìbò fún Alákùkọ nígbà náà kórìíra ìwé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti da ètò pọ̀ mọ́ ìlànà, ó sì ti fi bẹ́ẹ̀ bu àwọn baba wa. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé lè kórìíra owó orí.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gan-an fi ààlà sáàárín òfin àti ìlànà. Orí Kejì rẹ̀ to àwọn ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa lépa. Abala 18 tó wà níbẹ̀ ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, kó sì jẹ́ dandan, nígbà tí agbára bá ká a. Ṣùgbọ́n abala 6 ti gba ọwọ́ ilé ẹjọ́: adájọ́ kò lágbára láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba tẹ̀ lé Orí Kejì yẹn àbí kò tẹ̀ lé e. Bí a bá tú orúkọ Orí Kejì sí Yorùbá, tí a pe "policy" inú rẹ̀ ní òfin, abiyamọ tó kà á yóò gbéra lọ sílé ẹjọ́ nítorí abala 18, wọn yóò sì dá a padà. Àwa tí a tú u ni a ṣì í lọ́nà. Ìgbà tí àwọn aṣòfin ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 ni ìlànà yẹn tó di òfin. Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe yé wa kedere. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò ní nítumọ̀ rárá.

Ó wá ku ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́. Bí èèyàn ṣe tò lọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé lè jáde ní ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́, kò sí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹnìkan jẹ́ "partisan", ẹ̀bi ló ń dá a lọ́pọ̀ ìgbà: ó ń sọ pé ẹgbẹ́ ni onítọ̀hún fi ń wo nǹkan. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn tipẹ́. Adájọ́ tó ṣègbè, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo dábàá ìṣègbè ẹgbẹ́ fún èyí tí a ń bá wí, àti òṣèlú ẹgbẹ́ fún èyí tí kò ní àléébù. Méjèèjì ni a nílò, torí abala 221 ìwé òfin sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè wá ìbò fún olùdíje. Bí gbogbo òṣèlú ẹgbẹ́ bá jẹ́ ìwà ìṣègbè lójú wa, a ti dá ìbò fúnra rẹ̀ lẹ́bi.

Àpẹẹrẹ ìṣègbè ẹgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ epo yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹnu àtẹ́ lu ìyọkúrò ìrànwọ́ ní 2012 ló wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Àwọn kan tó gbèjà rẹ̀ ní 2012 sì wá ń ké tòò. Bẹ́ẹ̀, Tinubu, Atiku àti Obi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti sọ kí ìbò tó dé pé àwọn yóò yọ ọ́. Ìlànà wọn kò yàtọ̀. Ìyàtọ̀ tó lè wà kò ju ètò lọ, ìyẹn ohun tí a ó fi owó náà ṣe àti bí a ó ṣe yọ ọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àríyànjiyàn wa kò dé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Níbi ìpàdé àdúgbò kan, mo ní owó ọkọ̀ ń pa àwọn olùkọ́. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, àgbàlagbà kan bi mí pé, "Ẹgbẹ́ wo lo ń ṣe?" Ó dùn mí wọra, torí n kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ọ̀rọ̀ ìlànà ni mo sì ń sọ. N kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi dá bàbá náà lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá ti ní "Bàbá, ìlànà ni mò ń sọ, kì í ṣe òṣèlú ẹgbẹ́," bóyá à bá gbọ́ra wa yé.

Ní ti ìbéèrè ẹnìkan pé ṣé òṣèlú ni ká máa pe "politics" tàbí ìṣèlú, mo gbà pé ìṣèlú ló bá gírámà mu jù, ṣùgbọ́n a ti pe olóṣèlú pẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu èèyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ orí epo náà ní àléébù tirẹ̀. Kí wọ́n tó yọ ọ́, àwọn tó ń kó epo wọlé ni ìjọba máa ń san àfikún fún, kí iye tó ná wọn àti iye tí a ń rà á lè bá ara mu, ṣùgbọ́n etí ẹni tó bá gbọ́ ìrànwọ́ yóò gbọ́ pé wọ́n ṣe òun lóore. Rédíò ti sọ ọ́ di tiwa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Kí a kàn máa fi "fún ta ni?" tì í.

Abala 55 ìwé òfin gbà kí ilé aṣòfin àpapọ̀ máa lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò bí ètò bá ti wà nílẹ̀ fún un, nítorí náà iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré. Ẹ bá mi rò ó síwájú: òfin tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àti ẹgbẹ́ alátakò jọ fọwọ́ sí, kí la ó máa pè é? Mo ní àfẹnukò ẹgbẹ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bíi pé ó sún mọ́ àdéhùn àṣírí jù. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, mò ń retí rẹ̀.