Àtakò Kọ́, Ìtakora Ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí á máa pe ọ̀nà tí onímọ̀ ìṣirò fi ń gba irọ́ yẹ̀ wò, títí irọ́ náà yóò fi hàn, ní "ẹ̀rí àtakò". N kò fara mọ́ ọn rárá; "ìtakora" ni mo fẹ́, nítorí pé "-ra", ìyẹn "ara wọn", tí àbá yẹn gé sọnù gan-an ni ẹ̀mí ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ kí á wo nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, tí yóò di 2. Kí á gbà pé ó ṣeé kọ ní ìdá, a lórí b, àti pé a ti dín ìdá náà kù débi pé kò sí nọ́ńbà, yàtọ̀ sí 1, tí ó tún lè pín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ó rí i pé a² jẹ́ ìlọ́po méjì b², nítorí náà 2 pín a. Bí 2 bá sì pín a, 4 pín a², 2 sì gbọ́dọ̀ pín b pẹ̀lú. Ohun tí a kọ́kọ́ gbà àti ohun tí a bá níkẹyìn ti kọlu ara wọn. Ta ni alátakò níbí? Kò sí ẹni tí ó ti ìta wá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó ń ta ko ara wọn.

Àtakò ní ipò tirẹ̀. Ẹ wo n² + n + 41 ti Euler, onímọ̀ ìṣirò: bí ẹ bá fi 0 títí dé 39 sí ipò n, gbogbo èsì rẹ̀ ni kò ṣeé pín àfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀. Ẹ wá fi 40 sí i: 1681 ni, èyí tí í ṣe 41 lọ́nà 41. 40 yìí ni alátakò tòótọ́, òun nìkan ni ó sì da ẹjọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí, èyí tí ogójì ẹlẹ́rìí ti jẹ́rìí sí, nù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tí ó ń pe gbogbo iṣẹ́ yìí ní "ẹ̀rí" jiyàn: ẹ̀rí lè pọ̀ kí ó sì ṣubú, ìfìdímúlẹ̀ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

"-ra" yìí kan náà ni mo fẹ́ nínú "ìtẹ̀léra", dípò "ìfàyọ" tí wọ́n tún dábàá fún ọ̀nà tí a fi ń fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ kan bá tọ̀nà fún nọ́ńbà kan, yóò tọ̀nà fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ àgbà tí ó kọ́ mi a máa ro 1, 3, 5, 7 pọ̀ lójú pátákó, tí yóò máa bọ́ sí 1, 4, 9, 16, yóò sì béèrè pé: "Bí eléyìí bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e ńkọ́?" Ó mọ̀ pé bí k² bá tọ̀nà, tí a sì fi 2k + 1 kún un, (k + 1)² ni yóò jáde, tí ìkan yóò fi máa fa èkejì lọ láìlópin. Kí ni ẹ fà yọ níbẹ̀?

Ẹni tí ó sì kọ "ìtakora" ní "ìtàkora", ẹ jọ̀wọ́, ohùn àárín ni ó wà lórí "ta".