Orin ti parí ní sítúdíò: kí ló kù ká tó gbé e síta?

Ọmọ Àyàn: Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ọ̀gá. Orin kan wà nílẹ̀, wọ́n ti mix ẹ̀, wọ́n ti master ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra bíìtì rẹ̀ ní dọ́là 30. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ronú kọ́rọ́ọ̀sì, òun náà ló sì fi ohùn kọ ọ́. Mi ò ní lébẹ̀lì kankan. Mo fẹ́ kó jáde lórí Spotify, Apple Music àti Audiomack ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, ibo lowó rẹ̀ sì ń gbà wọlé?

Etí Dídùn: Àbúrò, Jímọ̀ yìí ti yá jù. Fi sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin òní. Distributor, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá olórin gbé orin lọ sórí Spotify àti irú wọn, máa lo ọjọ́ díẹ̀ kí orin tó dé ọ̀dọ̀ Spotify. Ìgbà tó bá débẹ̀ lo tó lè wọ Spotify for Artists, ojú ìwé tí Spotify ṣí fún àwọn olórin, lọ fi han àwọn tó ń to playlist. Jẹ́ kó ku ọjọ́ 7 ó kéré tán kí orin jáde, kó lè wọ Release Radar, playlist orin tuntun tí Spotify ń tò fún kálukú, ti àwọn tó ń tẹ̀lé ọ. Orin tó bá ti jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́, wọn ò ní gbà á wò.

Àwòrán ojú orin, 3000 sí 3000 píksẹ́lì. Má kọ nọ́ńbà fóònù tàbí orúkọ Instagram sí i, wọ́n á dá a padà.

Alákọsílẹ̀: Bíìtì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ní dọ́là 30, yíyá ni wọ́n sábà máa ń yá èèyàn, wọn kì í tà á. Ẹni tó ṣe é ṣì lè yá ogún èèyàn míì. Ṣí ìwé àdéhùn tó bá a wá: stream mélòó, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n gbà ọ́ láyè dé? Ṣé o lè fi ṣe fídíò? Ìdá mélòó nínú owó àwọn tó ronú orin ló jẹ́ ti ẹni tó ṣe bíìtì? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí lọ̀pọ̀ olórin ń fò. Bó bá kọ 50%, ìdá 50 tó kù nìkan ni ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ máa pín, ká ní 30 fún ọ, 20 fún un. Bẹ́ ẹ bá lọ pín in ní 50-50 láàárín ara yín, 150 lẹ pín yẹn, owó á sì há sọ́nà.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí orin tó jáde: orúkọ tí báńkì mọ̀ yín sí, kì í ṣe orúkọ orí ìtàgé, ìdá kálukú, déètì, ìbuwọ́lùwé. Ọ̀rẹ́ rẹ tún fohùn sí i, nítorí náà ẹ sọ ti owó àkásílẹ̀, ìyẹn owó tí ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ń mú wá, lọ́tọ̀.

Distributor á tún bi ọ́ bóyá o fẹ́ Content ID ti YouTube, ẹ̀rọ tó ń wá orin rẹ kiri nínú fídíò àwọn ẹlòmíì. Má mú un! Ìró ni ẹ̀rọ yẹn fi ń dá orin mọ̀. Bíìtì tó wà lọ́wọ́ ogún èèyàn, fídíò olórin míì lá máa gbá mú bí ẹni pé tìrẹ ni, wọ́n á fẹjọ́ sùn, wọ́n sì lè ti àkáǹtì rẹ pa.

Ìyá Agogo: Owó àkásílẹ̀ nìkan ni distributor ń kó wá. Owó ẹni tó ronú orin, ọ̀tọ̀ ni: forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba irú owó yìí ní Nàìjíríà, kí o sì wo The MLC fún ti Amẹ́ríkà. SoundExchange ń gba owó rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, 50% fún ẹni tó ni àkásílẹ̀, 45% fún olórin, 5% fún àwọn agberin àti onílù. Ìwọ lo ni àkásílẹ̀, ìwọ náà sì ni olórin, nítorí náà forúkọ sílẹ̀ lọ́nà méjèèjì.

Láti 2024, Spotify kì í san kọ́bọ̀ owó àkásílẹ̀ lórí orin tí kò bá tó 1,000 stream láàárín oṣù 12. Má tìtorí ìyẹn ra stream o. Rọ́bọ́ọ̀tì ni. Bí àṣírí bá tú, ìtanràn á bọ́ sórí distributor, òun náà á yọ ọ́ lára rẹ, tàbí kó yọ orin kúrò.

Ọmọ Àyàn: Ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ distributor lọ́la ńkọ́? Ṣé stream ò ní padà di òdo?

Etí Dídùn: Kò ní dòdo bí o bá tọ́jú ISRC rẹ, àmì tí wọ́n fi ń dá àkásílẹ̀ kan mọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, orin kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Fún distributor tuntun ní ISRC kan náà, fáìlì WAV kan náà, àkọlé àti orúkọ tí lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Dúró kí ti tuntun hàn, kí iye stream bá a, kí o tó ní kí ti àtijọ́ yọ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ti àtijọ́ lè pàdánù gbogbo playlist tí orin náà wà.