Ẹ gbà mí o, ọ̀rẹ́ mi jáde lórí gúrúùpù ìwé wa torí mo ní kó máa ka ìwé Yorùbá

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi, láti ìjẹta ni mi ò ti sùn dáadáa. Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún la jọ wà lórí gúrúùpù WhatsApp kan, 2021 la dá a sílẹ̀, èmi gan-an ni mo dá a sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun tá a ń ṣe níbẹ̀ ò ju pé tó bá di alẹ́ ọjọ́ Sunday, kálukú á sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́, bóyá ó dùn tàbí kò dùn, ẹni tó bá wù á yá a. Ó dùn gan-an níbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ya fọ́tò ìwé ẹ̀ tòun ti ife tíì, òmíì á ní ọmọ òun ti ya ojú ìwé méjì, kò mọ bí ìtàn ṣe parí mọ́, a óò máa rẹ́rìn-ín títí iná á fi lọ.

Wàhálà tó wá wà ni ti ọ̀kan nínú wa, ẹ jẹ́ n máa pè é ní S. Gbogbo ìwé tí S ń mú wá, ti òyìnbó ni. Bí wọ́n ṣe ń dolówó, bí wọ́n ṣe ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ sọ̀rọ̀ tí kò fi ní bínú. Mo ní kò burú. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ẹ̀ dé, mo fi owó ara mi ra Ó Le Kú fún un. Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á, nínú òjò, bàtà mi já lọ́nà, ẹni tó ń ta ìwé ò ní ṣéńjì, mo fi igba náírà sílẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀ mo lọ kí i nílé, kí ni mo rí? Ìwé yẹn wà lórí fíríìjì, wọ́n ti gbé ife lé e, àmì ìdí ife wà lára ẹ̀yìn ìwé roboto, ọ̀kánkán orúkọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá gan-an. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn o.

Nígbà tó wá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun fúnra ẹ̀ kọ nǹkan sórí gúrúùpù nípa ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wáyé, ló bá jáde. Kò gbé ìpè mi mọ́. Àwọn mẹ́ta tó kù náà ò sọ ìwé tí wọ́n ń kà mọ́, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní Sunday Sunday bí ẹni ń kiri ọjà lóru. Ọ̀kan wá ní kí n lọ bẹ S. Torí mo ní kí ọmọ Yorùbá ka ìwé Yorùbá, kí n wá lọ kúnlẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ ni àbí kí n fi ẹlòmíì dípò ẹ̀? Mo ti rí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń kàwé dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ìwé orí fíríìjì ló ń dùn yín? Ẹ ṣọpẹ́. 2016 lẹnì kan yá Àjà Ló Lẹrù mi, ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ méjì, ó ti kó lọ sí Kánádà, ìwé mi ti gba físà kí èmi tó ní páàsípọ́ọ̀tù. Mo tún un rà ni, torí mi ò lè máa gbé láìsí Lápàdé nínú ilé. Ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tó ṣì ń tọpa ọ̀daràn kiri, ta ló tún ń kọ irú ẹ̀ bíi Òkédìjí? Látìgbà yẹn ẹni bá fẹ́ yá ìwé lọ́wọ́ mi, á fi fóònù ẹ̀ dúró.

Sisí Mọ́kọ́lá:
Ó Le Kú yẹn, mo ti wo fíìmù ẹ̀. Ṣé ìwé ẹ̀ tún yàtọ̀ ni?

Bàbá Onígègé:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! 1974 ni ìwé jáde, 1997 ni Túndé Kèlání tó fi ṣe fíìmù. Kàwé o jàre. Àjàní, ọmọ yunifásítì Ìbàdàn, àti Àṣàkẹ́ àti Lọlá àti Ṣadé, ọkùnrin kan láàárín obìnrin mẹ́ta. Fún fíìmù ní wákàtí mélòó kan lójú ẹ, àmọ́ ìwé lo máa gbọ́ èdè Ìṣọ̀lá nínú ẹ̀. Mi ò ní sọ bó ṣe parí.

Sisí Mọ́kọ́lá:
Sà, mo ní mo ti wo fíìmù. Mo mọ bó ṣe parí.

Tíṣà Àgbà:
Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìrọ́jú. "Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wáyé" tí ẹ sọ yẹn, kí ni ọ̀rọ̀ náà? Ta ló sọ ọ́, kí lẹ sì fi dáhùn?

Bàbá Onígègé:
Ohun tó fà á ni pé Ó Le Kú kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Fágúnwà ló yẹ. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, láti 1938, ẹni tí kò bá ka ìyẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Rónkẹ́ Peckham:
Bàbá ẹ jọ̀ọ́ o. Fágúnwà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn kan níbẹ̀ gùn bí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kó o tó dé òpin ẹ̀ o ti gbàgbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àti pé ẹ̀dà ayé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá mi, "enia" àti "aiye" ló wà nínú ẹ̀, ti ṣáájú àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà tuntun tí wọ́n ní ká máa fi kọ Yorùbá. Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ ìlú ni enia.

Bàbá Onígègé:
Ẹ̀bi Fágúnwà kọ́ nìyẹn, ẹ̀bi àwọn òbí tó kó yín lọ sí Peckham ni.

Rónkẹ́ Peckham:
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá mi wá ṣe níbí sà, kò wá ṣeré.

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ ṣé gbogbo yín. Sisí Mọ́kọ́lá, ìwé yẹn yàtọ̀ gan-an, lọ ra tìẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á mú un padà láti Kánádà. Ohun tó ń dùn mí jù ni àmì ife yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé mo fi báírò dúdú kọ "fún ọ̀rẹ́ mi àtàtà" sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú déètì? Ẹni tó mọyì ẹ̀bùn kì í gbé tíì lé e.

Tíṣà Àgbà:
Mo tún ń béèrè o. Kí ni S kọ, kí lẹ fi dáhùn?

Ìyá Tòmíwá:
Sà, kò tó nǹkan tẹ́ ẹ máa tẹnu mọ́. Mo kàn ṣàtúnṣe kékeré fún un ni. Kì í fi àmì ohùn sí nǹkan tó bá kọ, èmi ò sì lè rí i kí wọ́n máa ba èdè bàbá wa jẹ́ kí n dákẹ́. A1 ni mo gba nínú Yorùbá ní WAEC, wọ́n pe orúkọ mi ní àpèjọ.

alhaji_k:
e pele o mama A1. emi naa ki i fi ami si nnkan ti mo ba ko, foonu mi ko gba a, se e maa le mi nibi naa ni

Bàbá Onígègé:
Àlàájì, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Igba, igbá, ìgbà, tó o bá kọ ọ́ lásán, èwo la fẹ́ mú? Kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà yẹn mọ́lẹ̀ lórí fóònù ẹ, àmì á yọ sókè.

alhaji_k:
mo ti te e mole baba, French lo gbe jade fun mi. ati pe nigba ti mo ko "mo ra igba osan" eyin naa mo pe mi o ra calabash

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Àlàájì ti ra igbá ọsàn o. Ó lè jẹ́ igbá tí wọ́n kó ọsàn sí o, ẹ má dá a lẹ́jọ́.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ìyá Tòmíwá.

Ìyá Tòmíwá:
Ó dáa, kẹ́ ẹ má baà rò pé mo fi nǹkan pa mọ́. Ohun tó kọ rèé, bó ṣe kọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kó o síbí: "Mo ti bere iwe yen o. Mo wa ni oju iwe 19. Oko mi lo n ba mi ka die die lale. O dun." Mo wá fi dá a lóhùn pé "Oko wo? Oko ẹ̀gẹ́ ni àbí oko àgbàdo? Àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ló ń bá ẹ kàwé?" Mo sì fi pupa yí gbogbo ibi tó ti ṣì í kọ po, mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ padà sórí gúrúùpù kó lè rí i kó sì kọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀ ò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín o! Ẹ má dá ẹ̀bi gbogbo ẹ̀ rù mí. Àwàdà ni.

Sisí Mọ́kọ́lá:
Háà.

Tíṣà Àgbà:
Ojú ìwé 19, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ọkọ ẹ̀ ló sì ń bá a kà á. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni S ti lọ sílé ìwé?

Ìyá Tòmíwá:
Kàdúná. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá ẹ̀ ń ṣe. Hausa ni wọ́n kọ́ wọn ní ilé ìwé, kò ṣe Yorùbá rí, Ìbàdàn yìí ló ti wá pàdé wa níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ dáadáa o sà! Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ẹ ò ní mọ̀. Ó ń pòwe jù mí lọ.

alhaji_k:
mama, obinrin yii ko le ka Yoruba. oko e lo n ko o ni leta. leyin osu mejo o ni igboya, o wa so fun yin pe oun ti de oju iwe 19, e wa fi biro pupa na an. ati niwaju eeyan

Ìyá Tòmíwá:
Ta ló sọ fún mi pé kò lè kà á? Láti 2021 la ti jọ wà, kò sọ ọ́ rí. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan ṣe ni kó sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Rónkẹ́ Peckham:
Ìyá Tòmíwá, ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó gba A1? Èmi náà dà bíi S yẹn, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Mo ń gbọ́ Yorùbá láti inú oyún, àmọ́ mo ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó ka ojú ìwé kan tán. Ohun tí mo fi kọ́ ọ ni Orin Dáfídì kẹtàlélógún nínú Bíbélì ìyá mi, torí mo ti mọ̀ ọ́n lórí, mo kàn ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, bí ojú mi ṣe ń mọ lẹ́tà nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ mo bọ́ sí BBC Yorùbá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ìròyìn kúkúrú kúkúrú, wọ́n sì ń fi àmì sí i. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìkíni àkọ́kọ́ mi sórí gúrúùpù ẹbí wa, àbúrò bàbá mi fi ẹ̀rín dáhùn. Ọdún méjì ni mi ò kọ Yorùbá síbẹ̀ mọ́.

Bàbá Onígègé:
Bíbélì yẹn gan-an, 1884 ni gbogbo ẹ̀ jáde, Àjàyí Crowther ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyá mi ò lọ sílé ìwé kankan, ibẹ̀ ló ti mọ ìwé kà. Ó dáa, mo mú ọ̀rọ̀ mi padà nípa Fágúnwà. Tàbí kí S ra méjèèjì, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí òyìnbó ní 1968, kó gbé wọn síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òyìnbó ló kúkú ń kà.

Rónkẹ́ Peckham:
Bàbá, òyìnbó Ṣóyínká náà ń fẹ́ ìtumọ̀ o.

Sisí Mọ́kọ́lá:
Ẹ ra Aláwìíyé fún un kẹ́ ẹ fi bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Aláwìíyé kẹ̀? Ìwé ọmọ jẹ́léósinmi? Ẹ fẹ́ tún un bú lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ má mú ìwé kankan dání lọ síbẹ̀, ẹ ra ẹja.

Tíṣà Àgbà:
Mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ́ni ní Yorùbá, mo ti fi báírò pupa lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá fún èdè yìí kí ojú mi tó là, nítorí náà mi ò bú yín. Orí gúrúùpù lẹ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ náà lẹ máa ti tọrọ àforíjì, kí àwọn tó rẹ́rìn-ín lè kà á. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀. Ẹ má fi fóísì nóòtì ránṣẹ́. Ẹ má sì mẹ́nu ba fíríìjì.

Ìyá Tòmíwá:
Sà, kí n má mẹ́nu ba fíríìjì rárá?

Tíṣà Àgbà:
Rárá.

alhaji_k:
e tun le bi i leere iwe oyinbo to n ka. lati 2021, se e ti ka okankan ninu tie ri?

Ìyá Tòmíwá:
(Àlàájì, mo rí ìbéèrè yín, mò ń bọ̀ lórí ẹ̀.)

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ káalẹ́ o. Mo pe ọkọ S ní ìrọ̀lẹ́ yìí torí òun kì í kọ ìpè. Mo ní kó bá mi sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé mo ń bọ̀ ní Saturday. Ó ní kò burú, ó ń dáná lọ́wọ́. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Ìyá Tòmíwá, ọ̀rọ̀ kan wà lójú ìwé 41 níbí tí kò yé wa, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?" Ó pe ọ̀rọ̀ náà. Mo sì gbọ́ ohùn S lẹ́yìn ẹ̀, ó ń sọ pé "pè é dáadáa, àmì òkè ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀."

Tíṣà Àgbà:
Kí lẹ wá sọ fún un?

Ìyá Tòmíwá:
Mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà sà. Mo ní kó jẹ́ kí n wo inú ìwé tèmi kí n pè é padà. Tèmi ò sí nílé, mo ti yá ẹnì kan láti ọdún tó kọjá. Ó di kí n wo tiẹ̀ ní Saturday.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹni tẹ́ ẹ yá, ṣé kò tíì gba físà?