Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ozone fún egbò ẹsẹ̀ màmá mi

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọdún 11 rèé tí màmá mi ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí egbò kan ti wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Bàtà ló bó wọn, wọn ò sì tètè mọ̀, torí ẹsẹ̀ náà kì í mọ ìrora mọ́. Ilé ìwòsàn kan n'Ílọrin ni wọ́n ti ń bá wa wẹ̀ ẹ́, ó sì ń jiná díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wíwọ ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti sú wọn.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ asálátù wọn wá sọ pé àwọn kan wà l'Ábújá tó ń fi afẹ́fẹ́ ozone wo irú ẹ̀. Wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ inú àpò, wọ́n á fẹ́ ozone kún un. Wọ́n á tún fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á po ozone mọ́ ọn, wọ́n á dá a padà sí iṣan. ₦45,000 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ní ká ṣe. Màmá ti ní ká ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, ohun tí ojú ẹ̀ rí ni kó sọ fún mi.

Bàbá Táíwò, Tánkẹ́
Orúnkún ni tèmi. Abẹ́rẹ́ ozone ni wọ́n gún sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ti àkọ́kọ́ ro mí gan-an, ó wú di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìkẹta, mo forí kanlẹ̀ nírun àsùbáà láì lo àga, ohun tí n ò ti lè ṣe fún ọdún kan gbáko. Mi ò ní gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ náà láéláé. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ló fi tù mí, lẹ́yìn náà ó padà dé. Àsìkò yẹn náà ni mo ń ṣe eré ìdárayá ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́ mi, tí ara mi sì dín díẹ̀, nítorí náà n ò lè gbé gbogbo ọpẹ́ fún ozone. Orúnkún kì í sì í ṣe egbò ṣúgà, àbúrò mi.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọdún 14 ni mo ti ń wẹ egbò ṣúgà, mo mọ bó ṣe ń tán ènìyàn ní sùúrù.

Ozone kì í ṣe ọ́síjìn lásán. Ọ́síjìn tí à ń mí, ẹyọ kéékèèké (átọ́ọ̀mù) ẹ̀ méjì-méjì ló so pọ̀. Ti ozone, mẹ́ta ni, ìkẹta náà kì í fẹ́ dúró síbẹ̀, ohun tó bá kàn ló ń bá jà. Ìyẹn ló fi ń pa kòkòrò, òun náà ló sì fi léwu fún ẹ̀dọ̀fóró béèyàn bá fà á símú. Àwọn dókítà kan ní Jámánì, Ítálì àti Kúbà ti ń lò ó tipẹ́. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú òfin tiwọn pé májèlé ni, pé àwọn ò mọ ìwúlò kankan tó ní nínú ìṣègùn. Ní ti egbò ẹsẹ̀ ṣúgà gan-an, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, wá gbogbo ìwádìí tó ṣeé gbára lé ní 2015: 3 péré ni wọ́n rí, ènìyàn 212 ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ní kò tó láti fi dá ẹjọ́ ẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni G6PD. Èròjà kan ni nínú ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Láàárín àwa Yorùbá, ọkùnrin bí 1 nínú 5 ni tiwọn kò tó. Bí ozone bá wọ ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ́, ìtọ̀ á dúdú bíi sóbò, ojú á pọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀ màmá fún ozone láìjẹ́ pé láàbù ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá sì ní àwọn á fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sí iṣan tààrà, ẹ gbé màmá dìde níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wọ iṣan lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó ń pani.

Ọmọ Gàmbàrí
Bàbá mi náà lọ síbì kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ara wọ́n yá gágá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ń sùn, wọ́n ń jẹun. Inú wọn dùn débi pé wọ́n pa abẹ́rẹ́ ínsúlínì tì, wọn ò sì sọ fún wa. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ ṣúgà wọn wò. Ìgbà tí a ó fi mọ̀, ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú. Wọ́n gé e. Wọ́n wà láàyè, alihamudulilahi, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn dé mọ́ṣáláṣí. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa ṣe ozone, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún oògùn dókítà ni, ẹ má fi rọ́pò ẹ̀. Kí dókítà tó ń tọ́jú wọn sì gbọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán
Òróró tí wọ́n fẹ́ ozone sí ni mo lò sí ojú iná lápá. Ó tù mí lára, òórùn ẹ̀ ló le, bíi ti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tó ti gbóná. Egbò tèmi kéré, bóyá ì bá jiná bẹ́ẹ̀ náà.

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́
Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ti rán mi létí nǹkan. Lọ́jọ́ ìkómọ àbúrò mi ọkùnrin, aṣọ tí wọ́n kó káńfọ̀ sí ni wọ́n wọ̀ fún un. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ibà pọ́njú ti dé, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí i lára kó tó yè. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò fẹ́ káńfọ̀. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ó kàn án gan-an. Ó jọ pé G6PD yẹn náà ni, ohun tí káńfọ̀ ṣe sí i ni mo ń sọ pé ozone lè ṣe. Ọ̀dọ̀ ìyá sì ni ọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀. Nínú àwọn obìnrin tó gbé e, ti òmíràn kì í hàn, ti òmíràn ń hàn. Kódà bẹ́ ẹ bá pa ozone tì, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún màmá lè mọ̀. Ẹ ẹ̀ tíì sọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ báyìí. Egbò tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ibo ló ti fẹ́ ráyè jiná?

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́
Bàtà tó bó wọn náà ni. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ka ìbéèrè yín. Lọ́jọ́rú a ó lọ sí láàbù. A ò ní ta ilẹ̀ ní báyìí. Ta ló mọ ẹni tó ń rán bàtà tó rọ̀?

Bàbá Táíwò, Tánkẹ́
Oníbàtà kan wà l'Ọ́jà Ọba tó ń rán sálúbàtà onífóòmù tó fẹ̀. Ẹ fi páálí gé ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjèèjì, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Ẹ mú un wá lọ́jọ́rú tí ẹ bá ń bọ̀ ní láàbù, màá bá yín gbé e lọ fún un. Kí àwọn tó ń wẹ egbò náà kọ́kọ́ wo bàtà ọ̀hún kí màmá tó wọ̀ ọ́.